Ohùn Tí Kò Dé Ìgèdè

Ọjọ́ Ajé, 5 Èbìbí

Mo ti gba iṣẹ́ náà. Dókítà Ọláyíwọlá ní kí n jókòó, ó ní kí wọ́n gbé mọ́ọ̀tì tútù wá fún mi. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n bá fi nǹkan dídùn ṣe ẹni lálejò sí, ẹ̀gún wà nínú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà tí ọsibítù fi ń gba ìpè àwọn aboyún ti kú. Wọ́n ti ra tuntun. Káàdì tí okùn tẹlifóònù ń wọ̀ nínú ẹ̀rọ kò ní àléébù kankan, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tuntun yìí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tí kò gbọ́ èdè. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì náà sì ti kógbá wọlé. Èmi ni kí n kọ dírẹ́bà tí yóò máa ṣe ògbufọ̀ láàárín àwọn méjèèjì, kí ohùn aboyún lè bọ́ sí etí nọ́ọ̀sì, kí ti nọ́ọ̀sì náà lè padà sọ́dọ̀ aboyún.

"Kò le," ni Dókítà wí. "Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹ ò ní í pẹ́ ṣe é."

Mo ní ó le, sà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n mu mọ́ọ̀tì mi.

Ọjọ́bọ̀, 8 Èbìbí

Ìyá mi pè láti Ìkìrun. Ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe tí mi ò fi pè é. Mo ní mò ń kọ dírẹ́bà.

"Dírẹ́bà kẹ̀? Ta ló gbé ọkọ̀ fún ọ?"

"Kì í ṣe ti ọkọ̀, Màámi. Ti kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà náà ti ní dírẹ́bà. Ìwọ ò tíì ní ọkọ."

Iná lọ bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òkùnkùn.

Ọjọ́ Ajé, 12 Èbìbí

Mo lo òwúrọ̀ nínú yàrá ìpè lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Fẹ́yìsetán, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Màmá ni gbogbo ọsibítù ń pè é. Ará Ìgbẹ̀mọ ni, agbẹ̀bí àtijọ́, ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀! Nítorí pé ẹ̀rọ kò tíì sí, fóònù pẹlẹbẹ kan ni ó fi ń dá àwọn tó ń pè lóhùn, ó fi èjìká há a mọ́ etí, ó ń ká aṣọ ìkókó lọ. Obìnrin kan pè, kò tíì sọ ju gbólóhùn kan lọ tí Màmá fi ní, "Jókòó ná. O ti ń gun òkè bọ̀, àbí? Mí. Mí dáadáa." Lóòótọ́ ni obìnrin náà ń gun òkè bọ̀.

Bí ẹni tó pè bá jẹ́ ará abúlé, Màmá á sọ ọ́ ní ohùn Èkìtì tirẹ̀, ulé báyìí, uṣẹ́ báyìí, ìdajì rẹ̀ kò yé èmi ará Ọ̀ṣun. Ó ní ọ̀rọ̀ tí aboyún bá gbọ́ ní èdè ìyá rẹ̀ kì í nílò ìtumọ̀.

Ó bi mí pé ṣé dírẹ́bà mi yìí á lè gbé Èkìtì. Mo ní gbogbo èdè ni yóò gbé. Ó ní kí n má fọ́nnu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 Èbìbí

Òjò. Ìwé àlàyé tí ó bá káàdì náà wá, ìdajì ni mo rí lórí ayélujára, ẹ̀dà tí ẹnì kan fi ẹ̀rọ yà, tó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ń gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti kà á. Ọrùn ń dùn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Èbìbí

Mo gbọ́ ohùn! Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò ni, ó ń ya bí aṣọ, ṣùgbọ́n ohùn ni. Mo jáde sí ẹnu ṣọ́ọ̀bù mi, mo fẹ́ sọ fún ẹnì kan. Òpópónà Adébáyọ̀ ní Adó yìí kún fún èrò, ọlọ́kadà ń fọn fèrè, kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Mo ra bọ̀ọ̀lì jẹ. Bọ̀ọ̀lì náà ti kéré, wọ́n ti fi owó kún un.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Èbìbí

Ohùn ti mọ́, lọ́tùn-ún, lósì. Ẹni tó pè ń gbọ́, ẹni tó gbé e ń gbọ́. Ẹ̀rọ sì ń gba ohùn àwọn méjèèjì sílẹ̀ bí Dókítà ṣe fẹ́.

Ìyà tó kù ni iná. Iná ṣọ́ọ̀bù yìí ń wá bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó gbé e, ó tún jáde. Bí ó bá ti lọ, kọ̀ǹpútà á kú, gbogbo ìdánwò á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 Òkúdu

Dókítà ní àwọn àlejò ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti wá ṣí yàrá ìpè. Mo ní mi ò tíì rí i kí dírẹ́bà náà ṣiṣẹ́ fún ìgbà gígùn, kí wọ́n fún mi ní àyè díẹ̀ sí i.

"Ó ń sọ̀rọ̀ àbí kò sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀, sà."

"Ó parí nìyẹn."

Ó yẹ kí n takú. Mo ń kọ ọ́ síbí kí n má baà sọ lẹ́yìn ọ̀la pé mi ò sọ fún un. Mo sọ fún un. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni mo sọ ọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdu

Wọ́n ṣí i. Páńẹ́lì oòrùn kún òrùlé, bátìrì ńláńlá wà lẹ́yìn ògiri, iná kò sì tún ní í lọ nínú yàrá ìpè mọ́ láéláé, bẹ́ẹ̀ ni Dókítà ṣe wí nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún páńẹ́lì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún bátìrì. Wọ́n dárúkọ ẹni tó kun ilé lọ́dà. Èmi dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹnì kan rò pé èmi ni mò ń pín omi.

Màmá nìkan ló fà mí mọ́ra. "Uṣẹ́ rẹ dára," ó wí. "Ó gbé Èkìtì."

Ọjọ́ Ẹtì, 13 Òkúdu

Ìpè wá láti Ìyìn, láti Ìgèdè, láti Ìgbẹ̀mọ. Gbogbo rẹ̀ mọ́ ketekete.

Ọjọ́bọ̀, 19 Òkúdu

Obìnrin kan pè lọ́sàn-án yìí láti Ìgèdè, òjò ń rọ̀. Àmínát ni orúkọ rẹ̀, ará Ọ̀yọ́ tó ń ta òkìrìkà nínú ọjà níbẹ̀. Omirá rẹ̀ ti tú, okùn ìwọ́ ọmọ sì ti yọ síta ṣáájú ọmọ. Òun nìkan ló wà nílé. Màmá gbé ìpè náà.

Kí ọkọ̀ ọsibítù tó débẹ̀, ọmọ ti kú. Ìyá wà láàyè.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé, ọkọ rẹ̀, dúró sẹ́nu géètì ọsibítù nínú òjò, ó ń kígbe pé nọ́ọ̀sì gbé fóònù, ó béèrè orúkọ ìyàwó òun, ó sì dákẹ́. Ó dákẹ́, ó ń gbọ́ bí ìyàwó òun ti ń sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 Òkúdu

Ohùn Màmá ti há. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí.

"Mo sọ̀rọ̀, Monínúọlá. Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ó ń bi mí pé ṣé mò ń gbọ́ òun. Mo ní mò ń gbọ́ ọ! Ó tún bi mí. Mo fi fóònù ara mi pè é, wọ́n ní ó wà lórí ìpè pẹ̀lú ẹlòmíràn. Èmi kọ́ ni ẹlòmíràn náà? Èmi náà ló ń pè lọ́wọ́."

Ó ní òun sáré jáde lẹ́ẹ̀kan láti ké sí awakọ̀ ọsibítù pé kó máa lọ, òun sì sáré padà.

Lọ́sàn-án, Dókítà pè wá sí ọ́fíìsì, ó tan ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀. Màmá béèrè orúkọ, obìnrin náà dáhùn, ó sọ ohun tó ń ṣe é. Láti ibẹ̀ lọ, ohùn Àmínát nìkan ni. "Ẹ n lẹ́ o? Ẹ n lẹ́ o? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́." Ní ẹ̀gbẹ́ Màmá, kò sí nǹkan kan.

"Màmá," Dókítà wí, kò gbójú sókè, "ẹ gbé fóònù sílẹ̀ ẹ jáde. Gbogbo èèyàn rí yín lọ́nà."

Màmá wò mí. Mo gbójú sí ẹ̀rọ náà.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Òkúdu

Mo ti ń gbọ́ ohùn náà nínú orí mi láti ìjẹta. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní ká gbàdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́, gbogbo èèyàn dákẹ́. Mo ń gbọ́ fáànù. Mo ń gbọ́ bẹ́ǹṣì tó ń dún, ikọ́, ọmọ tó ń mu ọmú.

Ẹni tó dákẹ́ ṣì ń mí. Òjò ń rọ̀ sórí páánù ọsibítù lọ́jọ́ yẹn. Bí Màmá bá dákẹ́, bí ó tilẹ̀ jáde kúrò nínú yàrá pátápátá, ó yẹ kí òjò wà nínú ohùn tí ẹ̀rọ gbà ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Kò sí òjò níbẹ̀. Kò sí ohunkóhun. Ẹ̀rọ ló di ẹnu rẹ̀.

Dírẹ́bà mi ni.

Ọjọ́ Ajé, 23 Òkúdu

Mo sọ ọ́ níwájú ìgbìmọ̀ ọsibítù. Mo sọ̀rọ̀ òjò. Akọ̀wé wọn kọ ọ́ sílẹ̀, ó dúró, ó ní, "Òjò báwo?"

Dókítà ní, "Ìwọ lo ní ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́."

"Mo ní ó ń sọ̀rọ̀, sà. Mo ní mi ò tíì dán an wò pẹ́."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká dán an wò."

Ó mú fóònù rẹ̀, ó pe nọ́ńbà náà níwájú gbogbo wa. Nọ́ọ̀sì tuntun, Ìyanuolúwa, gbé e nínú yàrá ìpè. Wọ́n kíra wọn, ohùn mọ́ lọ́tùn-ún lósì. Ẹnì kan ti pa kọ̀ǹpútà náà lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ kú, ó ti tún un tàn. Ohun yòówù tó ṣe é ti lọ. Àwọn ìgbìmọ̀ wò mí bí ẹni tó wá parọ́ fún wọn nítorí ọ̀rẹ́.

Wọ́n ní kí Màmá lọ sinmi nílé. Ó bọ́ kádíígàn funfun rẹ̀, ó ká a dáadáa bí aṣọ ìkókó, ó gbé e sórí àga, ó lọ wọ ọkọ̀ Ìgbẹ̀mọ.

Ọjọ́bọ̀, 26 Òkúdu

Mo ti ka gbogbo ohun tí mo kọ láti òkè dé ilẹ̀. Mi ò rí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 Òkúdu

Mi ò rí i. Òjò, òjò, òjò. Aṣọ mi ń bu.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Agẹmọ

Iná lọ ní ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà kú, mo ń bú iná bí ìṣe mi, èébú náà sì há sí mi lẹ́nu.

Láti oṣù Èbìbí, nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, dírẹ́bà náà kò tíì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì kí iná má lọ. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀tun, bí ẹni tó sùn tó jí. Ṣùgbọ́n ní ọsibítù, láti ọjọ́ tí àwọn àlejò ti pàtẹ́wọ́ fún bátìrì, kọ̀ǹpútà yẹn kò kú rí títí di ọjọ́ tí Àmínát pè. Àìsàn tó ń bá dírẹ́bà yìí jà, bí kò bá sùn ni ó ń hàn.

Iná tó ń lọ là ń ṣépè fún. Iná tí kò lọ ló ṣe wá léṣe.

Mo sáré lọ bá Ìyanuolúwa nínú yàrá ìpè, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa pa ẹ̀rọ náà kó sì tún un tàn láràárọ̀, kó tó gba ìpè kankan. Ó ní kò burú. Kò bi mí nídìí. Mo bẹ Dókítà pé kó jẹ́ kí n fi ẹ̀rọ ọsibítù ṣe ìdánwò. Ó ní ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, wọn kì í tú u.

Ọjọ́bọ̀, 3 Agẹmọ

Níbo ni iná kì í ti í lọ ní Adó? Mo ti bi ilé ìfowópamọ́, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Mo ti bi pásítọ̀ wa.

Tómilọ́lá, ọ̀rẹ́ mi, ló dáhùn. Ẹja dídì ló ń tà, ó ní yàrá yìnyín ńlá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. "Bí iná bá lọ lọ́dọ̀ mi, ẹja á jẹrà, èmi náà á jẹrà tẹ̀ lé e. Jẹnẹrétọ̀ méjì ni mo ní. Gbé kọ̀ǹpútà rẹ wá."

Mo gbé e lọ. Káàdì tí mo fi ń dánwò ti wà nínú rẹ̀; mo tú èkejì jáde láti inú òkú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ti ọsibítù tó ṣì wà lọ́dọ̀ mi, mo fi ṣe ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, kí ọ̀kan máa pe èkejì. Láàárín páálí ẹja titus àti páálí ẹja ṣáwá, ẹ̀rọ méjì ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Agẹmọ

Wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ kan kí wọ́n tó tan èkejì. Ẹja kò mọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ̀. Ó kú, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo jókòó sórí páálí ẹja, mo sunkún. Tómilọ́lá jáde, ó padà pẹ̀lú bátìrì tí ó yọ láti inú mọ́tò ara rẹ̀ àti ẹ̀rọ kékeré kan tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, tí ó yá lọ́wọ́ aládùúgbò, ó ní kí n so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà. Ọkọ̀ èrò ló ń wọ̀ lọ sílé láti ọjọ́ náà.

Ọjọ́rú, 16 Agẹmọ

Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Gbogbo aṣọ mi ń rùn bí ẹja. Ìyá mi pè, ó ní òun lá àlá pé mo wà nínú omi. Mo ní ó sún mọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó ń ṣe mí bí ẹni tó ń gbàdúrà kí ibi ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo di nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Agẹmọ

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi agbọ́rọ̀ kọ̀ǹpútà tó ní ẹnu ìsọ̀rọ̀ sí etí kan, mo sì ń ka ìwé Sáàmù sínú ẹnu rẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu mi. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, Tómilọ́lá ń gbọ́ mi, ó ń ṣe àmín. Ó ṣe àmín, ó ṣe àmín, ó wá dákẹ́.

"O ò kàwé mọ́?"

Mò ń kàwé. Ẹnu mi ń mì lójú rẹ̀.

"Monínú, mi ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo pariwo sínú rẹ̀. Mo kọrin. Mo fi ọwọ́ gbá a. Tómilọ́lá ń wò mí láti àárín ẹja, ó ń mi orí. Èmi ń gbọ́ ọ kedere. Òun kò gbọ́ mi. Ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tèmi, kò sí fáànù níbẹ̀, kò sí jẹnẹrétọ̀, kò sí èmi.

Tómilọ́lá dì mọ́ mi, ó ń fò sókè. Èmi náà fò díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ fò, mo sì jókòó.

Ọjọ́rú, 23 Agẹmọ

Mo ti rí i. Aago wà nínú káàdì tẹlifóònù, aago wà nínú ẹ̀rọ ohùn, àwọn méjèèjì kì í rìn dọ́gba. Ọ̀kan ń yára ju èkejì lọ, ìwọ̀nba tí kò tó nǹkan. Bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́, ọ̀kan á jìnnà sí èkejì, dírẹ́bà á rí i pé nǹkan ti dàrú, á ti ilẹ̀kùn méjèèjì, àbọ̀ tí ohùn aboyún ń gbà wọlé àti àlọ tí ti nọ́ọ̀sì ń gbà jáde, kó tún ẹsẹ̀ wọn tò. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá tò ó tán, ilẹ̀kùn àbọ̀ nìkan ni mo ní kó ṣí.

Ìlà kan péré ni mi ò kọ. Mo ti kọ ọ́ báyìí. Kò gbà ju kí èèyàn mu omi lọ.

Ọjọ́ Ajé, 28 Agẹmọ

Mo fi gbogbo rẹ̀ han Dókítà, ohùn tí a gbà láàárín ẹja, àlàyé, dírẹ́bà tuntun. Ó yé e. Ọlọ́pọlọ ni, kò pẹ́ tí ó fi yé e. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló tún gbọ́ nípa èyí?"

"Èmi àti ọ̀rẹ́ mi tó ni ilé ẹja."

"Ilé ẹja." Ó rẹ́rìn-ín. "Wò ó, Monínúọlá. Màmá ti fẹ́ẹ̀ fẹ̀yìn tì, ìsinmi kò ní í pa á lára. Ṣùgbọ́n bí mo bá jáde sọ pé ẹ̀rọ ọsibítù yìí ló gbé ohùn nọ́ọ̀sì mì, aboyún wo ni yóò tún pe nọ́ńbà wa?"

"Orúkọ rẹ̀ ńkọ́, sà? Apọmọ ni wọ́n ń pè é nínú ọjà Ìgèdè."

"Ọjà á gbàgbé." Ó jókòó. "Ẹ̀ka wa tuntun ní Ìkẹ́rẹ́ máa nílò irú ẹ̀rọ yìí, ìwọ la máa gbé e fún. Àti pé, ìwọ lo kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá di ẹjọ́, ilé ta ni wọ́n á kọ́kọ́ kàn?"

Kò pariwo. Bí ẹni ń kọ oògùn fún aláìsàn ló ṣe sọ ọ́.

Mo ní mi ò ṣe ti Ìkẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Agẹmọ

Mo fẹ́ gbé dírẹ́bà tuntun náà lọ, kí n fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ti àtijọ́, kí Dókítà máa wá mi. Mo ti dé ẹnu géètì. Mo rí obìnrin kan tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ọwọ́ rẹ̀ kan wà ní ìbàdí, oyún rẹ̀ ti sún mọ́lẹ̀. Ta ni mo fẹ́ fìyà jẹ?

Mo padà, mo fi tuntun sí i. Mo dúró títí Ìyanuolúwa fi gba ìpè mẹ́ta. Ó kí mi pé mo ṣeun, ó ní ṣé òun ṣì gbọ́dọ̀ máa pa á láràárọ̀. Mo ní rárá. Kò bi mí nídìí.

Mi ò ní í wọ ọsibítù yẹn mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Ògún

Mo lọ sí Ìgèdè. Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níwájú ilé. Mo sọ ẹni tí mo jẹ́. Mo ní nọ́ọ̀sì kò dákẹ́, ẹ̀rọ tí èmi kọ ló gbé ohùn rẹ̀ mì.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ pẹ́. "Ta ló rán yín?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"Irọ́ ni. Wọ́n fẹ́ kí n yé sọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe rán obìnrin tó lójú àánú wá. Ẹ jáde nílé mi."

Mo ti dé ọ̀nà nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi. Obìnrin kékeré kan ni, ó fi ìborùn di àyà rẹ̀. Omi ọmú ti jò sára aṣọ náà, kò tíì gbẹ.

"Ẹ̀yin lẹ ní ó sọ̀rọ̀?"

"Ó sọ̀rọ̀."

"Kí ló sọ?"

Mi ò mọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń sá kiri nínú ẹja àti nínú òjò, mi ò bi Màmá ní gbogbo ohun tó sọ.

"Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀," ni Àmínát wí.

Ọjọ́bọ̀, 7 Ògún

Ọkọ Àmínát kò kọ́kọ́ gbà kó lọ. Ó ti gbà báyìí, a ó lọ ní Ọjọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Ògún

Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé náà bá wa lọ sí Ìgbẹ̀mọ, ṣùgbọ́n kò wọlé. Ó dúró ti ọ̀kadà rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò.

Màmá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó ti rù. Àwọn ará ilé rẹ̀ sọ fún mi pé kì í jẹ́ kí wọ́n fi fóònù pe òun mọ́. Nígbà tí mo dárúkọ ẹni tí mo mú wá, abọ́ ẹ̀gúsí yí dànù lórí itan rẹ̀.

Àmínát kúnlẹ̀ kí i. Màmá ní, "Dìde, dìde, ara rẹ ò tíì le." Kò dìde.

"Màmá, kí lẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?"

"Ọmọ mi, ó ti kọjá."

"Kò kọjá lọ́dọ̀ mi. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́."

Nígbà tí Màmá bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré, ohùn Èkìtì tó fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn.

"Mo ní, Àmínát, gbọ́ mi dáadáa. Kúnlẹ̀. Fi àyà lé ulẹ̀, gbé ìdí sókè. Bí ara rẹ bá ń sọ pé kí o tì í, má tì í. Má fọwọ́ kan okùn yẹn, má fà á. Mo ní, bí o bá wà bẹ́ẹ̀, ọmọ ò ní í jókòó lé okùn náà. Mo ní, má dìde, bí ó ti wù kó rẹ̀ ọ́. Mo ní, ọkọ̀ ti ń bọ̀. Mo sáré lọ pe awakọ̀, mo sáré padà, mo ní mo ti dé. O ń sunkún. Mo ní, mò ń gbọ́ ọ. Mo ní, mi ò lọ ibì kankan. Mo wà níbí. Mo wà níbí. Mo ń sọ ọ́ títí ìpè fi já."

Àmínát tẹ́tí títí ó fi sọ ọ́ tán. Kò sunkún.

"Ẹ sọ gbogbo ìyẹn?"

"Mo sọ ọ́."

"Mo rò pé ẹ fi mí sílẹ̀ ni." Ó fi ìborùn nu àyà rẹ̀. "Mo dìde dúró. Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo ń wá ẹni tó máa ràn mí lọ́wọ́. Ká ní mo gbọ́ yín, ṣé ì bá yè?"

Mo rí i tí Màmá ń wá irọ́ tó dára. Agbẹ̀bí ni, kò ní ṣàì ti pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Kò rí èyí tó tó.

"Ó ṣeé ṣe," ó wí. "Ó ṣeé ṣe kó yè."

Àmínát mi orí, ó súnmọ́ ọn lórí eékún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀gúsí tó dànù sínú abọ́. Màmá náà tẹ̀, ó ń bá a ṣà á. Omi ń jábọ́ lójú Màmá sórí ọwọ́ rẹ̀, kò nù ún. Wọ́n ṣà á títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo jókòó sórí àga tí wọ́n gbé fún mi. Kò sí ẹni tó lé mi, kò sì sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀, títí tí Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé fi ké sí wa láti ìta pé òjò ń ṣú.